Ìwé Mẹ́fà Ìtàn Newcastle tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Tọ̀yìbátù

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Èmi, Bilal Àrẹ̀mú Ládòkun, ọmọ Ládòkun alágbẹ̀dẹ ti ìlú Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, olùkọ́ nígbà kan rí, aránṣọ ní àdúgbò Al-Ka'kiyah ní ìlú Mẹ́kà láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ni mo jókòó kọ ìwé yìí. Orí mi pé, iyè mi sì sọjí. Ọkàn tó wà láyà mi nìkan ni kò gbádùn. Dókítà tó gbé ẹ̀rọ lé e ní ó ti wú, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì yẹ kí n máa gun àtẹ̀gùn. Àjà kẹrin ni yàrá mi wà.

Kò sí ẹni tó fipá mú mi kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, Fahd yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí Jẹ́dà, sí tarhíìlì, ibi tí ìjọba ń kó àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú sí kí wọ́n tó dá wọn padà sí ìlú wọn. Èmi fúnra mi ni yóò fi ara mi lé wọn lọ́wọ́. Bóyá n óò dé Ìwó, bóyá n kò ní í dé ibẹ̀, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò gbọdọ̀ gbé irọ́ tí mo ti pa wọ inú sàréè.

ABALA KÌÍNÍ: Ẹni tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ

Mo yan Fahd, ọmọ Àlàájà Muhsinah tó ni ilé tí mo ń gbé. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, Mẹ́kà ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí; bàbá àgbà rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá ṣe Haji tí kò sì padà. Ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì tó wà ní Al-Abidiyah, ó ní ìwé, ó ní orúkọ, kò sí ọlọ́pàá tó lè dá a dúró lójú pópó.

Kí ẹ mọ̀ pé èmi àti Fahd ti jà rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí àwọn olówó tí ilẹ̀ Saudi ṣáájú wọn ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Newcastle United, Fahd ra aṣọ ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, ó gun òkè tọ̀ mí wá, ó fi orúkọ tí wọ́n fi ń pe àbúrò bàbá níhìn-ín pè mí, ó ní: "Àámù Bilal, ẹ wo ẹgbẹ́ wa!" Ẹgbẹ́ wa. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti ń jìyà lórí ẹgbẹ́ yẹn. Mo ní kí ó dárúkọ ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kí wọ́n tó rà wọ́n. Kò rí ìkankan dárúkọ. N kò jẹ́ kíkí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú mú mi, mo sì pè é wá sí òrùlé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ka ìwé kìíní fún un, nítorí pé ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n kò lè kà á dáadáa. Ó tún wá ní Jímọ̀ kejì. Báyìí ni ó ṣe di ọmọ fún mi.

ABALA KEJÌ: Ìwé mẹ́fà

Nínú agolo bísíkíìtì tó wà lábẹ́ ibùsùn mi, ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn. Ìtàn ẹgbẹ́ Newcastle United láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wà nínú wọn, ní èdè Yorùbá, ní ọwọ́ ara mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bọ́ sí ìpín Tọ̀yìbátù ọmọ mi, mo sì bẹ ìyá rẹ̀ àti àbúrò mi kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Tọ̀yìbátù, ojú fóònù nìkan ni mo ti rí ọ. Oyún rẹ pé oṣù mẹ́ta nígbà tí mo kúrò nílé. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń jókòó láti kọ lẹ́tà sí ọ. Bí mo bá ti kọ "Tọ̀yìbátù ọmọ mi", ọwọ́ mi á dúró. Bàbá wo ló fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé òun ń sá fún ọlọ́pàá? Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí mo mọ̀ tí kò ní ìtìjú nínú.

Mo mọ̀ ọ́n láti ọdún 1974. Òyìnbó kan láti ìlú Newcastle ló ń kọ́ wa ní ìṣirò ní Ìwó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ dé àṣekágbá Ife FA, Liverpool sì fi góòlù mẹ́ta sí òdo nà wọ́n. Mo bá a lẹ́yìn yàrá ìkàwé, rédíò wà lórí itan rẹ̀, ó ń sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. N kò rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún rí, àní níbi òkú. Mo bi í pé kí ló dé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, bí ẹni ń ròyìn ìdílé rẹ̀. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún mi ní ìborùn onílà dúdú àti funfun.

Ohun tó sọ fún mi ló wà nínú ìwé kìíní: bí ẹgbẹ́ méjì ṣe wà ní ìlú náà, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn, bí ti ìwọ̀ oòrùn ṣe fọ́, tí ti ìlà oòrùn fi kó wọ pápá tí wọ́n fi sílẹ̀, tí wọ́n sì sọ ara wọn ní United ní ọdún 1892. Wọ́n gba líìgì ní 1905, ní 1907, ní 1909. Wọ́n gba Ife FA ní 1910. Ìwé kejì ni ti 1924, 1927 àti 1932. Ìwé kẹta ni ìgbà ayọ̀: Ife FA mẹ́ta láàrin ọdún márùn-ún, 1951, 1952, 1955. Lẹ́yìn èyí, bí a bá yọ ife kan tí wọ́n gbà láàrin àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní 1969 kúrò, gbígbẹ ni.

Ṣùgbọ́n má ṣe ka àárín ojú ewé nìkan. Ka etí rẹ̀. Ní ibi tí mo ti kọ nípa 1909, wàá rí i tí mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Lónìí àwọn ọlọ́pàá ìwé ìrìnnà wọ Ka'kiyah. Inú táǹkì omi lórí òrùlé ni mo wà láti ìyálẹ̀ta di ìrọ̀lẹ́." Ní ẹ̀gbẹ́ 1932: "Ìyá mi kú ní oṣù tó kọjá. Òní ni mo gbọ́." Ní ẹ̀gbẹ́ 1955: "Tọ̀yìbátù pé ọmọ ọdún méje. Mo ra bàtà. N kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fún ọmọ Harun, aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi." Èyí ni lẹ́tà tí n kò lè kọ. Ó wà níbẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìparí ìwé kẹfà.

Ìwé karùn-ún ni ti 1996. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, Newcastle fi ojúàmì méjìlá ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé wọ́n ti gbà á. Èmi àti Sàká àbúrò mi ta ilẹ̀ kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀, a sì fò wá ṣe Haji. Nígbà tí a wà lábẹ́ àgọ́ ní Mina ní òpin oṣù Kẹrin, ojúàmì méjìlá náà ti yọ́ tán pátápátá, Manchester United ti kọjá wọn. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò kékeré mi, nínú ariwo àwọn èrò Haji. Abẹ́ àgọ́ yẹn náà ni mo ti sọ fún Sàká pé n kò bá a padà. Owó oṣù olùkọ́ kì í dé lásìkò, ọmọ ń bọ̀, n óò ránṣọ fún ọdún kan péré. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n sọ fún ìyàwó yín?" Mo ní kí ó sọ pé ọdún kan.

Ní ọdún 1998, ìyá rẹ pè mí láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Ó ní: "Bàbá Tọ̀yìbátù, ìgbà wo gan-an lẹ ń bọ̀?" Newcastle fẹ́ gbá àṣekágbá Ife FA lọ́sẹ̀ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní: "Ọjọ́ tí Newcastle bá gba ife." Mo rò pé ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Arsenal nà wọ́n ní góòlù méjì sí òdo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún dé ibẹ̀, Manchester United tún nà wọ́n ní iye kan náà. Ìyá rẹ, tí kò mọ kọ́nà yàtọ̀ sí góòlù, bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ rédíò ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n já bọ́ sí ìsọ̀rí kejì ní 2009, òun ló pè mí láti sọ fún mi. Ó ní: "Wọ́n mà ti já o." N kò lè sọ fún un pé kí ó yé tẹ́tí sí i. Àwàdà mi ló ń dúró dè.

ABALA KẸTA: Ilé tó wà ní Ìwó

Ilé oníyàrá mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ọgbà iléèwé tí mo ti kọ́ni, òfin Ọlọ́hun ti pín in, n kò ní ẹnu níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti Sàfúrátù Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi. Ìdajì ni ti Tọ̀yìbátù. Èyí tó kù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ, ni ti Sàká, ọmọ bàbá àti ìyá mi.

Ó kù sí mi lọ́wọ́ láti sọ ohun tí òfin kò mọ̀. Ní ọdún 2005 Sàká pè mí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá sílé, tàbí kí ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ti ń gbẹ." Mo dá a lóhùn pé ara rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé òun ló fẹ́ gbé e wọlé. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ogún ọdún nìyẹn, a kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Láàrin ogún ọdún yẹn, Sàká ló kan òrùlé ilé náà. Òun ló gbé Tọ̀yìbátù lọ sí iléèwé. Ní ọjọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ̀, mo rí i nínú fọ́tò: Sàká jókòó sí ibi tó yẹ kí n jókòó sí, ó dé fìlà bàbá wa, kò wo ẹ̀rọ ayàwòrán. Kò bi mí kó tó jókòó síbẹ̀, kò sì jẹ̀bi.

Sàká, mo purọ́ mọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí mo sọ ọ́ gan-an ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tìrẹ.

ABALA KẸRIN: Àwọn ohun èlò mi gbogbo

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, pẹ̀lú àga rẹ̀ àti sísọ́ọ̀sì ńlá, mo fún Harun tí a jọ ń ránṣọ. Òun ló kọ́ mi láti rán ìgbànú tí àwọn èrò Haji ń so mọ́ ìdí, òun ló sì ń lọ ra òwú fún mi ní àwọn ọdún tí n kò lè jáde. Pẹ́dà rẹ̀ ń há ní apá òsì, ó mọ̀.

Rédíò mi di ti Fahd. Kò wúlò fún un, fóònù rẹ̀ dára jù ú lọ. Kí ó ṣáà gbà á.

Ìborùn òyìnbó, kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni tí òtútù bá ń mú. Ní Mẹ́kà níbí, yóò pẹ́ kí ẹ tó rí onítọ̀hún.

Ológbò aláwọ̀ eérú tó ń sùn lórí aṣọ tí n kò tí ì rán, èmi kọ́ ló ni ín, òun náà kò ní ìwé. Mo bẹ Àlàájà Muhsinah kí ó má lé e kúrò lórí àtẹ̀gùn.

ABALA KARÙN-ÚN: Gbèsè mi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun

Mo jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́tàlá tí àìsàn kò jẹ́ kí n gbà nínú Ràmàdánì tó kọjá yìí. Kí Fahd fi oúnjẹ bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Mo sì jẹ ìrun alẹ́ ọjọ́ kan, èyí tí mo kí pẹ̀lú ẹnu nìkan. Bó ṣe rí nìyí.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, Newcastle gbá àṣekágbá Ife Líìgì pẹ̀lú Liverpool. Lẹ́yìn ìṣínu, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá Fahd láti wò ó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi, Newcastle ju ọ̀kan sínú àwọ̀n. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí lù kì-kì. N kò lè jókòó. Mo ní mo ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo kí Ìṣáì, mo kí àṣámù, ìrun òru Ràmàdánì, Lèmámù ń ka Kùránì tó dùn, èmi sì ń ka ìṣẹ́jú. Mo ń bẹ Ọlọ́hun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún, torí kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún rí: mo ń bẹ̀ ẹ́ kí Liverpool dá a padà.

Bí a ti sálámà, tí ìrun parí, ni mo rí Fahd lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́, aṣọ onílà lọ́rùn, ó ń pariwo: "Àámù Bilal! Wọ́n gbà á! Wàláì, wọ́n gbà á! Méjì sí ọ̀kan!" Àádọ́rin ọdún ni ife abẹ́lé ti wọ́n ẹgbẹ́ náà. Àwọn èèyàn yíjú wò wá. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Fahd rò pé ayọ̀ ló mú mi.

Fóònù mi dún. Sàfúrátù ni. Ó ní: "Bàbá Tọ̀yìbátù, ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti gbà á." Lẹ́yìn náà ó ní: "Mo ti gbá yàrá yín."

Mo pa fóònù. Ó tún pè lẹ́ẹ̀mẹta, n kò gbé e. Láàrin ìpè kejì àti ìkẹta ni nǹkan fún mi láyà bí ẹni fi okùn di ẹrù, tí Fahd fi gbé mi lọ bá dókítà. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Sàfúrátù kò pè mí mọ́. Èmi náà kò pè é. Mo ti mú fóònù lọ́wọ́ títí iná rẹ̀ fi kú, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

ABALA KẸFÀ: Sí Sàfúrátù Àbẹ̀kẹ́

Ní ọdún 2017 ìjọba yọ̀ǹda fún àwa tí kò ní ìwé kí a máa lọ sílé láìsí ìjìyà. Mo sọ fún ọ pé mo lọ sí Jẹ́dà, pé ìlà gùn, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn kó tó kàn mí. Irọ́ ni. Èèyàn mẹ́ta ló wà níwájú mi. Ará Kánò ló wà ní ìkẹta, ó ń fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà yóò sá tí ó bá rí òun. Mo ronú kan Tọ̀yìbátù, ẹni ogún ọdún, tó jókòó sí pálọ̀, tó ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò tó jókòó pẹ́ jù. Ẹsẹ̀ mi yí padà. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Mẹ́kà, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹgbẹ́ náà kò tí ì gba ife.

Bọ́ọ̀lù kọ́ ló dá mi dúró. Ọdún kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́wàá, ojú sì ń tì mí sí i ní ọdọọdún, títí ìtìjú náà fi dàgbà ju èmi gan-an lọ. Mo fi ẹgbẹ́ òyìnbó bo ojú mi. O sì gbà mí gbọ́, o lọ kọ́ orúkọ gbogbo wọn sórí.

N kò ní ohun tí mo lè fi sílẹ̀ fún ọ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti ilé tí Sàká kan òrùlé rẹ̀. Bí o bá ti ti yàrá náà pa, o ṣe dáadáa. Bí mo bá dé, kí ẹ tẹ́ ẹní fún mi ní pálọ̀.

ABALA KEJE: Sàréè

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló ń tọrọ kí a sin àwọn sí Mẹ́kà. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún mi pé olóríire ni mí. Bí mo bá kú kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n sin mí síbi tí mo bá kú sí, kí wọ́n má sì dá ara wọn láàmú. Kí Fahd pe Sàká, kí Sàká lọ bá Sàfúrátù nílé, kí ó kọ́kọ́ jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù.

Nínú ìwé yòówù tí wọn yóò bá kọ nípa mi ní tarhíìlì, kí Fahd bá mi wò ó dáadáa. Wọn kò mú mi. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá.

Ọwọ́ mi nìyí: Bilal Àrẹ̀mú Ládòkun
Mẹ́kà, ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ṣàwàlù ọdún 1446, èyí tí í ṣe ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ nígbà tí Bilal ka ìwé yìí sókè:
Harun, aránṣọ, Al-Ka'kiyah.
Muath, oníbúrẹ́dì, Al-Ka'kiyah. Bilal ka abala kẹfà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ohùn rẹ̀ lọ ní ti àkọ́kọ́.

ÀFIKÚN LÁTI ỌWỌ́ ẸNI TÍ Ó Ń MÚ ÌWÉ YÌÍ ṢẸ

Èmi Fahd ni mo kọ èyí. Èmi ni mo sọ ọ́, ìyá mi ló bá mi tún Yorùbá rẹ̀ ṣe.

Mo gbé Àámù Bilal lọ sí Jẹ́dà ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún wọ́n gbé wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àlàájì Sàká ló dúró dè wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú. Òun ló pọ̀n wọ́n wọlé ní Ìwó.

Àámù Bilal kú ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún. A ti pín ilé bí òfin ṣe wí. Àwọn ìwé mẹ́fà ti wà lọ́wọ́ Tọ̀yìbátù. Ìwé kejì ló ń kà lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ti dé ọ̀dọ̀ Harun. A ti bọ́ àwọn tálákà.

Nígbà tí mo pe Àlàájà Sàfúrátù láti ka abala tiwọn fún wọn, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ kà á, pé ẹni tó kọ ọ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn. Wọ́n ní ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò nílé, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni àwọn fi jà. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ méjì tó kù ńkọ́. Wọ́n ní ìyẹn kò sí lára ogún tí mo ní láti pín.

Fahd
Mẹ́kà, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 2025.
Ẹlẹ́rìí: Àlàájà Muhsinah, ìyá mi.